Kásẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́yẹ Funfun

Nígbà tí Láyíwọlá fi gbà pé kí wọ́n sun àwọn àwo orin òun, oṣù kẹjọ ti ń lọ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ojú bá ti pọ́n dé ibẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá ní kó lọ fi orí dúró nínú kànga, kànga wo ni yóò béèrè.

Ọdún 1986 ni. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ káàkiri ayé, Houston tó sì jẹ́ pé epo ló ń jẹ, epo ló ń mu, ti di ìlú tí àwọn ẹnjiníà ti ń tò sórí ìlà nítorí iṣẹ́ akọ̀wé. Ní Westchase, níbi tí Láyíwọlá àti Ọláníkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Lará ọmọ wọn, àwọn ilé gogoro onídígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ dúró lófìfo, àwọn onílé sì ń bẹ ayálégbé bí ẹni ń tọrọ ìyàwó. Láyíwọlá tó máa ń de táì lọ sí ọ́fíìsì láràárọ̀ di ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sí daycare, tó sì ń padà wá jókòó ti fóònù. Ọláníkẹ́ ń ṣe nọ́ọ̀sì. Owó oṣù rẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń gbé abọ́ síwájú.

Ọláníkẹ́ kì í ṣe obìnrin tó ń fọwọ́ lẹ́rán wo ìṣòro. Ó gbààwẹ̀, ó ṣe ìṣọ́ òru, ó wá tọ Wòlíì Olúdọ̀tun lọ. Ìjọ Aládùúrà kékeré ni tiwọn, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ kan ní Bissonnet. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà, ẹ ó máa gbọ́ àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń ṣe àmín lẹ́yìn ògiri. Takisí ni Wòlíì ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ti sọ fún un, bó ti ń sọ fún gbogbo ará Amẹ́ríkà nígbà náà, pé àwọn olórin rọ́ọ̀kì ń fi ọ̀rọ̀ èṣù pamọ́ sínú àwo wọn. Wọ́n ní béèyàn bá yí àwo náà sẹ́yìn, yóò gbọ́ ọ kedere. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni yóò máa yí àwo sẹ́yìn nígbà tí kò tíì gbọ́ iwájú rẹ̀ yé.

"Sister Ọláníkẹ́," ni Wòlíì wí, ó di ojú, "kí ló ń kọrin nínú ilé yín tí kì í ṣe orin Ọlọ́run?"

Ọláníkẹ́ mọ ohun tó wà nílé.

Láyíwọlá ti dé Houston láti Ìkìrun ní 1976, kò mọ ẹnì kankan. Òun àti ọmọ aláwọ̀ funfun kan láti ìgbèríko Texas ni wọ́n fi sí yàrá kan náà ní yunifásítì. Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò bá a sọ, ló bá gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Àárín ìgbà náà gan-an ni rọ́ọ̀kì gba gbogbo ìlú kan: àwo kan yóò jáde, mílíọ̀nù èèyàn yóò rà á, rédíò kò sì ní jẹ́ kó o sinmi lórí rẹ̀ títí òmíràn yóò fi dé. Láyíwọlá ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan, ó sì ń fi owó abọ́ ra àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Orin wọ̀nyẹn ló bá a ka ìwé, òun ló bá a sunkún ilé, òun náà ló jẹ́ kó rí nǹkan bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jiyàn lé lórí nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ibi tí wọ́n ń pè ní Ìkìrun. Nígbà tí Ọláníkẹ́ dé lọ́dún 1980, ó bá àwọn àwo náà nílé bí ẹni bá ìyálé, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gba ti ara wọn.

Èyí tó tà jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́yẹ Funfun nínú ilé náà, nítorí ẹyẹ funfun kan tó na ìyẹ́ sórí ilé gogoro nínú àwòrán iwájú rẹ̀. Bó o bá wọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Houston ní 1978 tí o kò rí ẹyẹ yẹn, á jẹ́ pé olè ti wọlé ṣáájú rẹ. Láyíwọlá ra àwo ńlá rẹ̀. Ó tún ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjì, ọ̀kan fún inú ọkọ̀, ọ̀kan fún Olúrótìmí àbúrò rẹ̀ nílé.

Èyí tó lọ sí Ìkìrun padà wá, kò sì padà bó ti lọ. Màámi, ìyá Láyíwọlá, kò mọ̀wé. Láyé ìgbà náà, kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ fi ń bá ọmọ wọn lókè òkun sọ̀rọ̀: wọn a jókòó síwájú rédíò, wọn a tú ohun tó wà nínú wọn jáde, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò yóò sì bá wọn mú un lọ. Ní 1982, ẹnì kan ti fẹ́ gbéra, kò sì sí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan nílé. Olúrótìmí bá mú Ẹlẹ́yẹ Funfun, ó ki bébà bọ ihò kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí rédíò lè gbà láti ká ohùn lé e, ó ní, "Ẹ máa sọ̀rọ̀, Màámi." Màámi sọ̀rọ̀ títí ojú kan fi kún. Wọ́n kí ọmọ wọn, wọ́n bá a wí pé kò ránṣẹ́ mọ́, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n sì kì í ní oríkì títí ẹ̀rọ fi dá wọn dúró.

Lọ́dún 1984, Màámi kú. Ìwé ìgbélùú Láyíwọlá ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà, bó bá jáde kò ní rí ọ̀nà wọlé mọ́, nítorí náà kò lè lọ sin wọ́n. Kásẹ́ẹ̀tì náà ni gbogbo ìyá tó kù fún un. Síbẹ̀ kò kọ nǹkan kan sára rẹ̀, ó ní ṣé òun kò ní dá ohùn ìyá òun mọ̀ ni. Ó ní òun yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀la bẹ́ẹ̀.

Ìjà àwọn àwo náà kò tán lọ́jọ́ kan láàárín tọkọtaya.

"Daddy Lará, àwo lásán ni," ni Ọláníkẹ́ wí. "Wòlíì ní on Saturday la máa sun wọ́n. Gbogbo ìjọ ló máa kó tiwọn wá."

"Níkẹ́, oil price ló lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe gìtá."

"Ta ló ń gbé oil price sókè sódò? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ni?"

 Láyíwọlá wo fóònù tí kò dún láti àárọ̀. Ó wo pẹpẹ àwo rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kó gbogbo ẹ. Mi ò ní lè tẹ̀lé ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì Màámi wà nínú drawer lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Háà! Ṣé orí mi dàrú ni? Ohùn Màámi ni mo máa sun?"

Inú bí i tọkàntọkàn pé ọkọ òun lè rò bẹ́ẹ̀ sí òun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó ku ọ̀la kí wọ́n sun àwọn àwo náà, ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò Energy Corridor pe Láyíwọlá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Bó ti máa ń ṣe bí ọ̀ràn bá le, ó mú kásẹ́ẹ̀tì Màámi lọ sínú ọkọ̀, kó lè máa gbọ́ àdúrà wọn lórí freeway. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, Ọláníkẹ́ wà nínú yàrá. Ojú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ṣe tú táì ọrùn, tó sì fi kásẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yẹ funfun náà sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó tì í pa. Ọkàn Ọláníkẹ́ balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù onírin kan sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dáná sí i. Oòrùn Houston ń ta lókè, iná ń ta nílẹ̀, aṣọ funfun àwọn ará ìjọ sì lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Gbogbo wọn gbé páálí lọ́wọ́. Múyìwá, ọ̀rẹ́ Láyíwọlá láti ìgbà tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì, ló kọ́kọ́ tú tirẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ yọ jáde ni Ẹlẹ́yẹ Funfun. Ẹni tó tẹ̀ lé e fa tirẹ̀ yọ, Ẹlẹ́yẹ Funfun ni. Ìyá kan tó ti búra pé òun ò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ rọ́ọ̀kì, méjì ni tirẹ̀, ó ní ọmọ òun ló ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́rin lọ. Ẹyẹ ń fò wọ iná lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni pé ìjọba ló pín wọn fún wọn nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù.

"Múyìwá, ìwọ náà!" Ẹ̀rín pa Ọláníkẹ́.

"Ah-ah, sister, ta ni kò rà á? Wetin person go do? Ìgbà yẹn, tó ò bá ní i, o kì í ṣe èèyàn."

Nígbà tó yá, Wòlíì fúnra rẹ̀ ṣí búùtù ẹ̀yìn takisí rẹ̀, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde tí àwòrán rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ìlò, ó sì jù ú sínú iná kí ojú tó tó o. Ó ní èrò kan ló gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀. Àwọn ará ní kí Ọlọ́run dárí ji èrò náà.

Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè. "Ẹ tún yẹ inú ọkọ̀ yín wò o! Ẹ má ṣe bí Ákánì inú Bíbélì tó fi nǹkan ìyàsọ́tọ̀ pamọ́ sínú àgọ́!"

Ọláníkẹ́ rántí èyí tí ọkọ rẹ̀ ń gbọ́ nínú ọkọ̀. Ó sáré lọ, ó ṣí àpótí iwájú ọkọ̀, ẹyẹ funfun náà sì wà níbẹ̀ tó na ìyẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ti Màámi wà nílé nínú dúrọ́ọ̀, ojú òun ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Èyí ni tàwọn olórin onírun gígùn. Kò yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kí ni yóò tún yẹ̀ wò? Ó gbé e wá, ó gbé e sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ sínú iná. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ike náà ká kò bí ewé, ó rọ̀, ó sì dà pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Láyíwọlá jókòó kọjú sí pẹpẹ tó ti ṣófo. Kò bínú. Ó bi ìyàwó rẹ̀ bí iná náà ti rí, Ọláníkẹ́ sì sọ ti Wòlíì àti èrò takisí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti pẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde lọ sí yàrá.

"Jẹ́ n gbọ́ Màámi díẹ̀," ló wí.

Ó ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Gìtá ló dún. Ìlù tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti ọ̀nà ọ̀fun.

"Ah," ni Láyíwọlá wí, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Mo ṣì í mú lánàá. Méjèèjì jọ wà nínú àpótí iwájú. Ti Màámi ti máa wà nínú mọ́tò."

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde. Orin ṣì ń lọ. Ọláníkẹ́ dúró nídìí ọbẹ̀ pẹ̀lú síbí lọ́wọ́, ọbẹ̀ ń jóná, kò sì lè na ọwọ́ pa iná rẹ̀. Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí nísàlẹ̀. Ó gbọ́ tó pa dé. Ó gbọ́ tí ó tún ṣí, tí ilẹ̀kùn kejì náà ṣí, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ òun má tíì gòkè wá. Irú àdúrà wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n àdúrà tó gbà nìyẹn.

"Kò sí níbẹ̀," ni Láyíwọlá wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé o bá mi gbé e ni?"

Ọláníkẹ́ kúnlẹ̀ lórí táìlì kíṣìnnì.

"Daddy Lará, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Mo ti sun ún."

 Láyíwọlá lọ yọ kásẹ́ẹ̀tì tó ń kọrin náà, ó yí i padà, ó fi ọmọ ìka tọ́ ihò méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí bébà níbẹ̀. Ó tún tọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Èmi ni mo ṣì í mú," ló wí. "Dìde, Níkẹ́. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Ọláníkẹ́ ì bá fẹ́ kó bú òun. Ì bá fẹ́ kó fọ́ abọ́, kó ní ìwọ àti Wòlíì rẹ ti pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bú ọ ti gbé díẹ̀ sọ kalẹ̀ nínú ẹrù náà. Láyíwọlá kò gbé nǹkan kan sọ kalẹ̀. Ó ní kó wọ bàtà fún ọmọ, wọ́n sì jọ wa ọkọ̀ padà lọ sí Bissonnet kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbẹ̀ ló ti ká apá ẹ̀wù sókè, tó ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù tó ṣì ń móoru. Òkìtì dúdú kan ṣoṣo ló bá nísàlẹ̀, gbogbo wọn ti lẹ̀ pọ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ ti ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èrò takisí. Lará béèrè ohun tí Daddy ń wá. 

Láàárín ọ̀sẹ̀, Láyíwọlá pe Olúrótìmí ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òṣogbo, bóyá wọ́n tún ká ohùn Màámi sí ibòmíràn. Olúrótìmí ní kò sí. Ọláníkẹ́ náà lọ sọ fún Wòlíì ohun tó ṣẹlẹ̀. Wòlíì ní ìyá tó ti sùn nínú Olúwa kò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Ilé iṣẹ́ Energy Corridor ni. Wọ́n fẹ́ Láyíwọlá, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọláníkẹ́ pariwo, ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó sunkún, ó jó yí àga ká pẹ̀lú Lará. Láyíwọlá náà dúpẹ́, ó sì fara mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọláníkẹ́ dùbúlẹ̀ láti sinmi, ọ̀rọ̀ kan wọ inú rẹ̀ tí kò jáde mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ òun lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni iná. Nígbà tó ń lọ lórí freeway lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, àdúrà ta ló wà nínú ọkọ̀?

Ìjọ kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, gbogbo wọn ti mọ̀ pé iná ló ṣe é. Wòlíì dúró níwájú, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní Brother Láyíwọlá ń bọ̀ wá jẹ́rìí, kí àwọn tó ṣì fi nǹkan Ákánì pamọ́ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè gbọ́. Ọláníkẹ́ ti bẹ ọkọ rẹ̀ nílé pé bí kò bá wù ú, kó má jẹ́rìí. Ó ní òun yóò jẹ́ ẹ, pé iṣẹ́ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń gbà láìdúpẹ́. Ó gun àtẹ̀gùn pẹpẹ láìwọ bàtà, ó gba maikirofóònù.  Ọláníkẹ́ rò pé lónìí ni yóò sọ ọ́, níwájú gbogbo ayé, ó sì tọ́ sí òun.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Láyíwọlá wí. "Kí n tó wọlé interview yẹn, mo jókòó nínú mọ́tò. Ìyá mi gbàdúrà fún mi."

"Àmín!" ni ìjọ dáhùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé ìyá náà ti kú.

"Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n kì mí. Wọ́n ní, Àkànjí ọkọ mi. Ọmọ onílé ọ̀gbàrà ò gbé. Ọmọ a-jí-bomi-tútù-fún-àlejò. Ọmọ a-rìn-jìnnà-má-ṣìnà-ilé. Ọmọ..."

Ó dúró. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú, ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti Àkànjí. Ó dé a-rìn-jìnnà-má-ṣìnà-ilé, ó tún dúró. Ìjọ ń pariwo halelúyà láti fún un lágbára. Ó wo iwájú, ó wo ilẹ̀, ó wá wá ojú ìyàwó rẹ̀ láàárín èrò, ó sì bi í nínú maikirofóònù, bí ìgbà tí wọ́n wà nílé, tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Níkẹ́, kí ni wọ́n tún sọ?"

Ọláníkẹ́ dìde dúró. Ọdún mẹ́rin ni kásẹ́ẹ̀tì náà fi dún nínú ilé rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń dún, òun ló máa ń wà ní kíṣìnnì, òun ló máa ń ké láti ibẹ̀ pé ẹ dín in kù, ọmọ ń sùn. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀ títí. Ó gbọ́ ohùn Màámi, ó gbọ́ bó ti ń lọ sókè níbẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Daddy Lará, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ariwo kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Wòlíì ti gba maikirofóònù, ó ní ayọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu arákùnrin wa, ẹ bá a gbé orin. Ìlù bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìjọ bọ́ sí ijó. Láyíwọlá ṣì dúró níwájú pẹpẹ láàárín wọn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ètè rẹ̀ ń mì, Ọláníkẹ́ sì rí i láti ibi tó wà pé ó tún ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ oríkì náà.